Ọ̀nà Louveciennes àti Ọ̀nà Ìmíní

Bí a bá ń sọ ìtàn àwòrán olóròóró ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ kí ẹnu tó kan Aina Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882, Èkó ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ń kọ́ ọmọ ni ìwé kíkà, ìṣirò àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kí ọmọ lè di akọ̀wé, olùkọ́ tàbí ajíhìnrere. Àwòrán yíyà kò sí nínú ohun tí a kà sí ẹ̀kọ́ gidi. Kí wá ni ọmọ tí ọkàn rẹ̀ fà sí iṣẹ́ náà yóò ṣe? Onabolu mú ìwé ìròyìn tí ó ti òkè òkun wá, ó mú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní àwòrán nínú, ó gbé wọn síwájú, ó sì ń yà wọ́n bí ó ti rí wọn. Ìwé tí kò lè bá a wí, tí kò sì lè yìn ín, ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di 1906, ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí títí di òní gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ ọnà òde òní ní Nàìjíríà. Omi ni ó fi po ọ̀dà ti ìgbà náà. Òróró ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Wọ́n ní àfarawé Òyìnbó lásán ni. N kò bá wọn gbà, èdè wa gan-an ni mo sì fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Yorùbá kò da nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ ara wọn: sísín ènìyàn jẹ, dída nǹkan kọ, àti wíwo nǹkan kọ́ ṣe. Ẹni tí ó ń sín ọ jẹ ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ẹni tí ó ń da ìwé kọ lè dà á kọ láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹyìn láìmọ ohun tí ìwé náà ń wí. Àwòkọ́ṣe yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, wò, kọ́, ṣe, bí wọ́n sì ti tò tẹ̀lé ara wọn náà ni iṣẹ́ ti ń wọ ènìyàn lára.

Ẹ wo ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ igbá fínfín ní Ọ̀yọ́. Ta ni yóò sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí ó fín ohun tí ó bá wà lọ́kàn rẹ̀? Igbá tí ọ̀gá ti fín ni yóò máa wò, tí yóò máa gbìyànjú irú rẹ̀ lórí àfọ́kù igbá, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ìwọ̀n agbára tí ó yẹ kí a fi tẹ ọ̀bẹ. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún (1928 sí 2009), ìdílé agbẹ́gilére ni ó ti wá, ó sì ti ń gbẹ́gi láti kékeré. Síbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó tún lọ jókòó sẹ́sẹ̀ George Bandele, ọmọ Areogun, ní ibi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bí Bandele ti ń gbẹ́gi ni ó ń wò. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn sọ pé Fakeye kò ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí mo pinnu pé n óò kọ́ bí a ti ń fi ọ̀dà olóròóró yàwòrán, Ìmíní ni mo wà, ní ilẹ̀ Afijió, ní agbègbè kan náà pẹ̀lú Fìdítì, Ìlọrà àti Awẹ́, n kò sì ní ọ̀gá kankan tí mo lè jókòó tì. Ìwé kan ni mo ní, tí ó kún fún àwòrán aláwọ̀ mèremère. Mo yan ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀: ọ̀nà ìgbèríko kan nílẹ̀ Faransé, ní abúlé Louveciennes, tí Camille Pissarro yà ní 1871. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi wò ó yà. Kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí Pissarro jẹ́, àti ẹni tí ó wo àwòrán yìí kan náà kọ́ṣe ṣáájú mi, nítorí ẹni ńlá ni onítọ̀hún.

Pissarro wà lára àwọn tí a ń pè ní Impressionist. Ní oṣù kẹrin ọdún 1874, àwọn ayàwòrán bí 30 pàtẹ iṣẹ́ wọn ní Paris, nínú yàrá tí ayafọ́tò kan tí ń jẹ́ Nadar ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nínú èyí tí Claude Monet gbé wá, ọ̀kan wà tí ó pè ní Impression, soleil levant: òòrùn tí ń yọ lórí èbúté Le Havre nínú kùrukùru. Oníròyìn kan, Louis Leroy, mú orúkọ náà, ó fi ṣe wọ́n ní ẹlẹ́yà, bí ẹni pé fìrí lásán ni wọ́n rí nǹkan, tí wọn kò sì ní sùúrù láti parí iṣẹ́. Bí orúkọ ẹ̀gàn ti í di oríkì nílé wa náà ni tiwọn ṣe dà.

Kí ni wọ́n ṣe tí ó bí ènìyàn nínú? Wọ́n gbé kánfáàsì jáde kúrò nínú yàrá lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, sí etí odò, sínú oko. Ohun kékeré kan ni ó mú èyí rọrùn. Tẹ́lẹ̀ rí, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni a ń di ọ̀dà olóròóró sí. Bí a bá ti gún un lu báyìí, ọ̀dà inú rẹ̀ kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ní 1841 ni John Goffe Rand, ará Amẹ́ríkà, ṣe túùbù tánganran tí ènìyàn lè fún pọ̀ kí ó sì tún dé. Bí a bá fi túùbù bí i mélòó kan sínú àpò, ẹsẹ̀ lè gbé ni dé ibikíbi. Nígbà tí wọ́n wá dé ìta tán, ojú wọn là sí ohun kan: òjìji kì í ṣe dúdú. Òjìji igi lórí koríko ní àwọ̀ aró nínú, ó ní àwọ̀ ewé, nígbà mìíràn ó ní pupa. Àwọn àgbà tí ń yàwòrán nínú ilé ti fi ilẹ̀ dúdú àti ilẹ̀ pupa ya òjìji fún ìgbà pípẹ́. Àwọn wọ̀nyí kọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe rò pé wọn kò wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ́ṣe. Louvre, ilé ìṣúra ńlá ní Paris, a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àṣẹ láti gbé kánfáàsì wá síwájú iṣẹ́ àwọn àgbà kí ó sì yà á bí ó ti rí i. Manet ṣe é. Degas fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Monet ní tirẹ̀ ṣe bí ọlọ́tẹ̀: ní 1867, ó gba àṣẹ wọ Louvre, ó gbé igi àwòrán rẹ̀ lọ sí ibi tí ó kọjú síta, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ìṣúra inú ilé, ó sì ya ìgboro Paris. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilé náà ni ó wà nígbà tí ó kẹ̀yìn sí i; kò sí ẹni tí ó tì í mọ́ ìta.

Pissarro ni ó dàgbà jù nínú àwọn tí a mọ̀ jù lára wọn. Ọmọ erékùṣù ni. St. Thomas, ní òkun Caribbean, lábẹ́ ìjọba Denmark, ni a bí i sí ní 1830, sínú ìdílé Júù oníṣòwò, nígbà tí àwọn ọmọ Áfíríkà ṣì wà lóko ẹrú níbẹ̀. 1848 ni òmìnira tó dé bá wọn. Ojú tí ó ti mọ oòrùn ilẹ̀ gbígbóná láti kékeré ni ó gbé dé Faransé. Nígbà tí ogun Faransé àti Prussia bẹ́ sílẹ̀ ní 1870, ó sá lọ sí London. Nígbà tí ó padà sí Louveciennes ní 1871, àwọn ọmọ ogun Prussia ti gbé inú ilé rẹ̀, wọ́n sì ti ba púpọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́. Ọdún yẹn náà ni ó ya ọ̀nà tí mo ń sọ yìí: ọ̀nà tí ó ń lọ, àwọn igi gíga, ilé mélòó kan, àti afárá omi ńlá ti Marly tí ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè. N kò rí ìbínú kankan nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó wò ó kọ́ṣe ni Paul Cézanne. Ọmọ Aix ní gúúsù Faransé ni, a bí i ní 1839, Pissarro sì fi ọdún 9 jù ú lọ. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe ẹni tí kò mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú. Ó ti ń yàwòrán fún ọdún pípẹ́, ọ̀dà rẹ̀ nípọn, ó sì ṣókùnkùn. Ní nǹkan bí ọdún 1872, ó yá àwòrán Louveciennes lọ́wọ́ Pissarro, ó sì yà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Pissarro jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní gíga àti 116 àti ààbọ̀ ní fífẹ̀. Ti Cézanne kéré sí i, 73 sí 92. Igi kan náà, ilé kan náà, ọ̀nà kan náà. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá wo méjèèjì kò ní ṣì wọ́n mú. Ti Pissarro rọ̀ bí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Ti Cézanne le. Ó ti yọ wínníwínní kúrò, ilé àti igi dúró bí ohun tí a fi ọwọ́ mọ. Nínú iṣẹ́ tí ó jẹ́ àwòkọ pátápátá yìí ni Cézanne ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn.

Ohun tí ó wá wú mi lórí jù ni èyí: ní 1906, ọdún tí Cézanne kú, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ 60 ọdún dáadáa, tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ti ń rin ìrìn àjò wá kí i, ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, nínú ìwé ìpàtẹ kan ní ìlú rẹ̀, pé ọmọ iṣẹ́ Pissarro ni òun. Pissarro ti kú láti 1903. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù rí nílẹ̀ wa, yálà télọ̀ ni tàbí káfíńtà, yóò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Vincent van Gogh. Nígbà tí ó wà ní ilé ìtọ́jú aláìsàn ní Saint-Rémy, ní 1889 sí 1890, ó ya ohun tí ó lé ní 20 láti inú àwòrán Millet. Ìwé títẹ̀ ni ó ń wò, dúdú àti funfun. Àwọ̀ tí ó fi sí wọn, orí ara rẹ̀ ni ó ti rí i. Èyí ni ó mú mi padà rántí Onabolu níwájú ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Èkó. Nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó pe ti van Gogh ní àfarawé Òyìnbó.

Ọdún 1920 ni Onabolu tó rí ọ̀nà lọ sí London, ó sì ti di ẹni ọdún 38. Ọdún náà ni ó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí ó pè ní A Short Discourse on Art. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St. John's Wood Art School, ó sì tún dé Académie Julian ní Paris. Ní ìgbà yẹn Monet ṣì wà láyé, ó ń ya òṣíbàtà inú adágún ọgbà rẹ̀ ní Giverny. Ohun tí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà ní 1874 ti di ohun àgbà. Onabolu ìbá lè yà sí ọ̀nà yẹn. Kò yà. Ojú ènìyàn ni ó gbájú mọ́: Dókítà Sapara àti àwọn gbajúmọ̀ Èkó mìíràn, nínú aṣọ iyì wọn. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Àwọn Òyìnbó kan wà nígbà náà tí wọ́n ń wí pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ènìyàn. Ẹni tí a pè ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fi ìmọ́lẹ̀ orí koríko jẹ́jọ́. Ojú ọmọlúàbí tí gbogbo ìlú mọ̀ ni yóò gbé síwájú adájọ́.

Ó padà dé ní 1922, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èkó, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ jù ni bí nǹkan ti í kéré bí ó bá ti ń jìnnà sí ojú, bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì ti í súnmọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ọmọ náà kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Mr. Perspective ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún òun, Kenneth Murray ni wọ́n sì rán wá láti England ní 1927.

Murray kò gba ọ̀nà Onabolu. Ó gbà pé bí a bá fi ìlànà Òyìnbó kọ́ ọmọ Áfíríkà, ọnà tí ó bá nílé yóò bàjẹ́. Kí olùkọ́ kúkú jẹ́ kí ọmọ ya ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé rẹ̀, kí ó kọ́ amọ̀ mímọ àti igi gbígbẹ́. Ní 1937, iṣẹ́ 5 nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí Ben Enwonwu wà lára wọn, dé Zwemmer Gallery ní London, àwọn ènìyàn sì yìn ín. Kò yẹ kí a ba Murray jẹ́. Òun ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn kiri ilẹ̀ wa láti dáàbò bo àwọn ère tí ìbá ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ, akitiyan rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó bí ilé ìṣúra ti Oníkàn ní Èkó, tí a ṣí ní 1957. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n n óò sọ ohun tí ó dùn mí. Wọn kò sọ fún Degas pé bí ó bá wo iṣẹ́ àwọn ará Ítálì kọ́ṣe, ẹ̀mí Faransé yóò jáde lára rẹ̀. Wọn kò sọ fún Cézanne pé kí ó má fọwọ́ kan àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ tiwa nìkan ni a rò pé ó gbọ́dọ̀ ní ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Inú rere ni ó wà nídìí rẹ̀, mo gbà; àmọ́ inú rere náà pààlà fún ọmọ. Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ulli Beier àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Denis Williams àti Georgina Beier, tún gbé irú èrò yìí dé ibòmíràn: ọ̀dà rèé, iṣẹ́ yá, ẹ̀kọ́ àwòkọ kò sí. Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami di ẹni tí ayé mọ̀ láti ibẹ̀, iṣẹ́ wọn sì jọ mí lójú. Ẹ̀bùn wọn ni ó gbé wọn. Mo máa ń ronú nípa ẹni tí ẹ̀bùn tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí ìbá fi sùúrù àti àwòkọ dé ibi tí ẹ̀bùn nìkan kò lè gbé e dé.

Ti Zaria yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ ní 1958, Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn yòókù, ìlànà Òyìnbó ni àwọn olùkọ́ wọn fi ń kọ́ wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Wọ́n ta kò ó, Okeke sì kọ èrò wọn sílẹ̀ ní 1960: kí a mú èyí tí ó dára nínú tiwa àti tàwọn àlejò, kí a pò wọ́n pọ̀. Bí Monet nínú Louvre ni wọ́n rí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n kẹ̀yìn sí. Ẹ wo iṣẹ́ Grillo (1934 sí 2021): bí ó ti pín ojú àwòrán sí ègé ègé, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ ọ, aró tí ó bo gbogbo rẹ̀, ìyá aláró ni ó ni í.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kí ló dé tí àwòrán ojú ilẹ̀ lásán, láìsí ọba, láìsí ẹlẹ́ṣin, láìsí abiyamọ, kò fi sí nínú ọnà àtijọ́ wa? Ère wa, ìlẹ̀kùn wa, opó ààfin wa, ènìyàn àti ẹranko ni ó kún inú wọn. Kì í ṣe pé Yorùbá kò rí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá yóò mọ̀ pé igi, òkè àti odò ní oríkì tí ó péye ju àwòrán lọ. Ẹnu ni ilẹ̀ wa ń gbé. Nítorí náà, ẹni tí yóò gbé e sórí kánfáàsì kò rí àwòkọ́ṣe nílé. Ó di dandan kí ó yá a níta, gẹ́gẹ́ bí Cézanne ti yá ti Pissarro.

Iṣẹ́ yá, nígbà náà. Ọ̀dà olóròóró kì í ṣe ọ̀dà tí a fi ń kun ilé. Ìyẹ̀fun àwọ̀ ni, tí a fi òróró èso linseed pò, òróró náà kì í sì í gbẹ bí omi ti í gbẹ. Atẹ́gùn ni ó ń gbà sára tí ó fi ń le. Epo pupa wa kò lè ṣe irú rẹ̀ láéláé, òróró ẹ̀pà náà kò lè ṣe é. Bí a bá fi wọ́n po ọ̀dà, yóò máa lẹ̀ mọ́ ni lọ́wọ́ títí ayé. Ìdí nìyí tí osùn, ẹfun àti aró wa fi jẹ́ ohun tí a ń fi omi pò. Òfin kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: ìpele ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ́ràá ju ti òkè lọ. A ó kọ́kọ́ fi turpentine la ọ̀dà kí ó fúyẹ́, lẹ́yìn náà ni a ó máa fi òróró kún un bí a ti ń lọ sókè. Bí a bá yí i padà, òkè yóò gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, àwòrán yóò sì sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo fa ìlà gbọọrọ àti ìlà ìbú sórí àwòrán inú ìwé, mo fa irú rẹ̀ sórí kánfáàsì, mo sì gbé ohun tí ó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Àwọn tí ń kọ pátákó ìpolówó ní ojú títì wa mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ìyẹn ni apá tí ó rọrùn. Àwọ̀ ni iṣẹ́ wà. Òjìji igi tí ó sùn lé ọ̀nà, mo ti fi ojú kà á sí eérú. Nígbà tí mo gé ìwé funfun kan, tí mo dá ihò kékeré sí i, tí mo gbé e lé òjìji náà kí n má baà rí ohun mìíràn, kì í ṣe eérú rárá. Àyìnrín ni, ó súnmọ́ aró tí a rẹ aṣọ sí lẹ́ẹ̀kan tí a sì yọ kíá. Àwọ̀ koríko kò dúró sí ojú kan. Bí ó ti ń jìnnà ni ìyeyè inú rẹ̀ ń dínkù tí aró inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí afárá omi ìparí náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àwọ̀ ojú ọ̀run. Èdè wa ní dúdú, funfun àti pupa fún àwọ̀, àwọn kan sì ń fi èyí gàn án. Wọ́n gbàgbé àwọn aláró, tí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹtù àti aró fẹ́ẹ́rẹ́, àti gbogbo ohun tí ó wà láàrin wọn, kí kẹ́míkà àwọn Òyìnbó tó dé. Ojú ìyá aláró ni mo yá lò ní gbogbo ìgbà tí mo ń po ọ̀dà òjìji.

Nígbà tí mo wá jáde sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn oṣù kan nídìí Pissarro, n kò rí Ìmíní bí mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ti dé. Mo ń retí aró ní òkèèrè, nítorí ohun tí Louveciennes kọ́ mi nìyẹn. Kò sí aró níbẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ tí ó jìnnà jù funfun, wọ́n ní pupa díẹ̀ nínú, bí ẹni pé a kù èlùbọ́ sí wọn lára. Eruku ni ó wà láàrin èmi àti wọn, àwọ̀ ilẹ̀ ni ó sì fún wọn. Bí n kò bá ti fi ọwọ́ ara mi po aró òkèèrè ti Faransé, n kò ní mọ̀ pé òkèèrè tiwa kò ní i. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń wo àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyẹn.

Oòrùn náà kò jọra. Ní Paris, ní ọ̀sán gangan ìparí oṣù kejìlá, oòrùn kì í ga ju nǹkan bí díìgírì 18 lọ lókè ilẹ̀. Òjìji a máa gùn láti àárọ̀ dé alẹ́, ayàwòrán sì lè fara balẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, tiwa ga tó díìgírì 59, nígbà méjì lọ́dún, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó sì ń dúró sí àtàrí wa gan-an, tí òjìji igi yóò fi sá sábẹ́ igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya òjìji gígùn ní Ìmíní, wákàtí kan ni ó ní láàárọ̀, ó ní wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, alẹ́ wa sì í yára ṣú. Ìlànà Pissarro kò bá ọ̀sán wa mu. Ní ọ̀sán wa, ìmọ́lẹ̀ kì í wá láti òkè nìkan. Ilẹ̀ pupa ni ó ń ta á padà sókè, tí abẹ́ òrùlé páànù àti abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń pọ́n. Mo ti wá a nínú gbogbo àwòrán Faransé tí ó wà nínú ìwé mi, n kò rí pupa abẹ́ ewé yẹn.

Mo gbé kánfáàsì kejì jáde ní oṣù kìíní, mo kọjú sí ọ̀nà oko tí ó gba ẹ̀yìn ilé wa. Ọ̀nà ni mo fi sí apá ọ̀tún, igi gíga sí òsì, bí Pissarro ti tò wọ́n; n kò rí ìdí tí n óò fi tijú rẹ̀. Láti bí aago 7 sí aago 8 òwúrọ̀ ni mo ń jókòó tì í lójoojúmọ́, fún ọjọ́ 19. Ẹtù ni mo fi ya òjìji, mo po ẹfun mọ́ ilẹ̀ pupa fún òkèèrè. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ eruku lé ọ̀dà tútù náà, ó sì gbẹ mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan apá òkè rẹ̀ báyìí, iyanrìn Ìmíní ni yóò bá níbẹ̀.